"Ọmọ ọkọ̀ kò tíì dé": bí ìrántí ìgbà èwe ṣe gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ bàbá mi

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kógbá sílé. Bàbá mi mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wọn níbi tí wọ́n máa ń fi kọ́ sí, wọ́n ṣí géètì fúnra wọn, wọ́n sì wa ọkọ̀ jáde. Ilé wa kò jìnnà sí Alákíá, n'Ìbàdàn. Wọ́n já sí ọ̀nà Ifẹ̀ àtijọ́, wọ́n kọjú sí Ẹgbẹ́dá, ọwọ́ òsì títì ni wọ́n sì gbà lọ.

Ẹni tó rí wọn sọ pé ìwakọ̀ wọn kò ní àbùkù kankan bí kì í bá ṣe ti òsì yẹn. Wọn ò sáré. Wọ́n na ọwọ́ síta lójú fèrèsé nígbà tí wọ́n fẹ́ yà fún kòtò. Àwọn tó ń bọ̀ níwájú ń fọn fèrè, Bàbá náà ń fọn tiwọn padà, nítorí pé lójú tiwọn, gbogbo ayé ló ṣìnà. Ọkọ̀ akérò kan sá fún wọn bọ́ sórí koríko. Fọkanáísà kan tó mọ̀ wá ló sáré bọ́ sí títì, ó ń ju àkísà ọwọ́ rẹ̀ sókè títí wọ́n fi tẹ bíréèkì, táyà iwájú sì kó sí gọ́tà. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Nígbà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀, ìbínú ló wà lójú wọn, kì í ṣe ẹ̀rù. Wọ́n bi ọmọkùnrin náà pé, "Ta ló ní kí àwọn aláìlófin wọ̀nyí máa gba ọ̀tún?"

Ìdáhùn ìbéèrè náà wà nínú òfin. Ọwọ́ òsì ni mọ́tò ń gbà ní Nàìjíríà láti ayé Gẹ̀ẹ́sì títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Àwọn aládùúgbò wa tí Faransé ṣàkóso ń gba ọ̀tún, ìjọba Gówọ̀n sì pàṣẹ pé kí àwa náà bọ́ sí ọ̀tún. Ọjọ́ Àìkú Ọdún Àjíǹde ni ọjọ́ yẹn bọ́ sí. Gánà náà tẹ̀ lé wa ní ọdún 1974. Bàbá mi ti gba láìsẹ́ǹsì láti 1963, nítorí náà ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wakọ̀ lọ́wọ́ òsì. Láti ìgbà náà wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún lọ́wọ́ ọ̀tún. Àádọ́ta ọdún ọ̀tún yẹn ti ṣí lọ kúrò lórí wọn, ọdún mẹ́sàn-án òsì ló dúró. Bí èyí ṣe ń rí bẹ́ẹ̀, ohun tó fẹ́ fà wá sí, àti ohun tí a fi í ṣe ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí. Mo mọ̀ pé ilé tí ó ní irú bàbá tàbí ìyá bẹ́ẹ̀ pọ̀, tí wọ́n kàn ń sọ pé "ó ti ń ṣarán" tí wọ́n sì ń mójú kúrò.

Bàbá kò mọ ọjọ́ ìbí wọn. 1943 ni wọ́n kọ sí láìsẹ́ǹsì, òun náà ni gbogbo ìwé wọn ń tẹ̀ lé. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, wọ́n forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ga ju àwọn ẹgbẹ́ wọn ní kíláàsì lọ, oko sì ń pè. Wọn ò pẹ́ níbẹ̀. Láti oko ni wọ́n ti tẹ̀ lé lọ́rì. Wọ́n di ọmọ ọkọ̀, wọ́n ń di ẹrù, wọ́n ń gba owó èrò, wọ́n ń pe orúkọ ìlú tí ọkọ̀ ń lọ, wọ́n ń sùn lábẹ́ lọ́rì bí ilẹ̀ bá ṣú sí wọn lójú ọ̀nà. Ìgbà tó yá ni ọ̀gá wọn fún wọn ní sítíárì. Bedford onípákó ni, irú èyí tí a ń pè ní bọ̀lẹ̀kájà, kòkó ló sì ń kó jù láti ìhà Oǹdó àti Ìjẹ̀ṣà wá sí Ìbàdàn.

Ìtàn yìí kì í ṣe àjèjì sí wa nílé. Ohun tó jẹ́ àjèjì ni bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bo gbogbo ìtàn yòókù mọ́lẹ̀.

Nígbà tí Ìyá wa wà láyé, a kò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ ló wá hàn pé àwọn ni wọ́n ń gbé ìdajì ọpọlọ Bàbá rù. Àwọn ni wọ́n ń sọ fún wọn pé òní ni ìpàdé ẹgbẹ́, pé wọ́n ti san owó iná, pé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́nu géètì yẹn ni ọmọ àbúrò wọn. Láàárín ọdún kan lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá bi mí ní ìbéèrè kan náà títí ìlẹ̀ fi ṣú, wọ́n san owó oṣù gáàdì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì bá olóúnjẹ jà ní ìsọ̀ àmàlà nítorí pé ó kọ̀ láti gba sísì. Ní 1973 ni náírà dé, tí wọ́n kó pọ́n-ùn, ṣílè, sísì àti tọ́rọ́ nílẹ̀. Olóúnjẹ náà kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún. Kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní sísì.

Àwọn ará àdúgbò ní ọjọ́ orí ni. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní ká wá gba àdúrà, a sì gbà á. Bùọ̀dá mi, àkọ́bí wa tó ń gbé ní Ìlọrin, ní àrùn òyìnbó ni ohun tí mo ń kà lórí fóònù nípa àrùn ìgbàgbé, pé kì í ṣe ti Yorùbá. Ohun tí wọ́n sọ yìí ní gbòǹgbò, ó sì yẹ kí n dúró lé e díẹ̀.

Ní ọdún 1992, Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan pọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, onímọ̀ ọpọlọ àti iṣan tí ayé mọ̀, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ kí wọ́n tó kú ní 1995. Wọ́n wọ ojúlé dé ojúlé ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, wọ́n ń bi àwọn tó ti pé ọdún márùndínláàádọ́rin sókè ní ìbéèrè, wọ́n sì ń ṣe bákan náà fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé, nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà lọ́dọọdún, àwọn tí àrùn ìgbàgbé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú n'Ìbàdàn jẹ́ 1.35, ti Indianapolis sì jẹ́ 3.24. Nítorí náà, lóòótọ́ ni pé tiwa kéré sí tiwọn. Ibi tí Bùọ̀dá gbé e gbà ni mo ta kò. Iye tó kéré kì í ṣe òfo. Àwọn tí wọ́n kà ní Ìdíkàn, ọmọ Yorùbá ni wọ́n, inú agboolé bíi tiwa ni wọ́n ti rí wọn.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ìwádìí náà wúlò fún mi ju iye yẹn lọ. Wọ́n mọ̀ pé ìbéèrè tí wọ́n ṣe fún ẹni tó kàwé lè sọ aláìkàwé tí orí rẹ̀ pé di aláìsàn. Nítorí náà wọ́n tún ìbéèrè ṣe kí ó bá àwùjọ mu, wọn kò sì bi arúgbó nìkan, wọ́n tún bi ẹni tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀: ṣé ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ ilé tó ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣé ó máa ń ṣìnà ládùúgbò, ṣé ìwà rẹ̀ yí padà?

Bẹ́ẹ̀ náà ni dókítà ṣe nígbà tí a gbé Bàbá dé ilé ìwòsàn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ gọ́tà yẹn. Wọ́n bi Bàbá, wọ́n bi èmi náà. Wọ́n sọ orúkọ nǹkan mẹ́ta fún Bàbá, wọ́n sọ̀rọ̀ mìíràn díẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n dá orúkọ náà padà. Kò sí ọ̀kan. Wọ́n bi wọ́n pé ta ni olórí ìjọba wa. Bàbá ní, "Gówọ̀n ni. Ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ó ń gbìyànjú." Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn, nítorí pé àìsàn wà tó ń fa ìgbàgbé tó sì gbóògùn. Ẹni tí fítámì B12 kò tó lára rẹ̀ lè máa gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ẹṣẹ́ ọrùn rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní thyroid kò ṣiṣẹ́ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ìbànújẹ́ dé mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń lo oògùn oorun fún ìgbà pípẹ́. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí: ẹ má jẹ́ kí wọ́n pe òbí yín ní ẹni tó ń ṣarán kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ti Bàbá wa, kò sí èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ya àwòrán orí wọn, wọ́n ní Alzheimer ni, irú àrùn ìgbàgbé kan tó ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ọdún pípẹ́ sì ti ba àwọn iṣan tín-ín-rín kan jẹ́ pẹ̀lú. Wọ́n fún wọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn tó lè ran ìrántí lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ fún wa láìfi bò pé kò sí èyí tó ń wo àrùn náà sàn.

Mo bi dókítà pé báwo ni ẹni tí kò rántí oúnjẹ àárọ̀ ṣe rántí nọ́ńbà lọ́rì tó wà ní 1966. Wọ́n ní ibì kan wà nínú ọpọlọ, ní ìhà etí lọ́tùn-ún àti lósì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ hippocampus. Ibẹ̀ ni ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí tàbí gbọ́ ń gbà wọlé kí ó tó di ìrántí tó lè pẹ́, ibẹ̀ ni Alzheimer sì máa ń tètè bà jẹ́. Ohun tó ti wọlé tipẹ́ ti fọ́n ká ibòmíràn, àrùn kì í tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Théodule Ribot, ti kọ ọ́ ní ọdún 1881 pé ohun tuntun ló ń kọ́kọ́ lọ, ohun àtijọ́ ló ń kẹ́yìn. Àwọn tó ṣèwádìí lẹ́yìn rẹ̀ sì rí i pé bí a bá ní kí ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún sọ ohun tó rántí nínú ayé rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọmọ ọdún mẹ́wàá sí ọgbọ̀n ló máa ń pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà yẹn ni èèyàn kọ́ iṣẹ́, tó fọwọ́ kan owó tirẹ̀, tó rí ẹni tó fẹ́. Bàbá mi jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1963, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ní 1972. Ọwọ́ òsì ni gbogbo ìgbà èwe wọn gbà.

Ìmọ̀ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Gíà, kílọ́ọ̀ṣì, bíréèkì, ibi tí ọpọlọ ń tọ́jú wọn sí kì í tètè bàjẹ́. Ìyẹn ló mú kí wọ́n lè wa mọ́tò láì kú mọ́ wọn lọ́wọ́, òun náà ló sì mú kí ọ̀rọ̀ náà léwu. Bí wọn kò bá lè wa á mọ́ rárá, a ò bá ti sinmi.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ló kàn. Bùọ̀dá wá láti Ìlọrin, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì pamọ́, wọ́n ní ó ti parí. Kò parí. Bàbá tú ilé wò. Wọ́n pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọmọ tí wọ́n fẹ́ràn jù, ní olè lójú àlejò, ọmọ náà sì sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́. A dá kọ́kọ́rọ́ padà, a tú bátìrì. Ṣé dírẹ́bà ni ká fi ọgbọ́n bátìrì mú? Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ránṣẹ́ pe rewáyà láti ìsàlẹ̀ àdúgbò. Rewáyà kò mọ nǹkan kan, ó gbé bátìrì wá, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Bùọ̀dá bínú, wọ́n gbé ohùn sókè: "Bàbá, ẹ ti darúgbó! Ẹ ò lè wakọ̀ mọ́! Ọdún wo lẹ rò pé a wà?" Bàbá wò wọ́n lójú, wọ́n ní, "Ìwọ ta ni?"

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ kí n tó padà síbẹ̀, nítorí pé òun ló kọ́kọ́ kọ́ wa bí a ó ṣe máa gbọ́ Bàbá.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àrùn yìí ni ìrọ̀lẹ́ máa ń dà láàmú. Ti Bàbá le gan-an. Lẹ́yìn agogo mẹ́fà wọ́n á dìde, wọ́n á máa ti ilẹ̀kùn, wọ́n á ní ká pa iná, ká má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn wa. Nígbà míì wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sí ògiri. A rò pé ìran ni wọ́n ń rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ tí wọ́n pè ní olè yẹn, ló ṣàkíyèsí pé kì í ṣe gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ìrọ̀lẹ́ tí a bá rọ epo sí jẹnẹrétọ̀ nìkan ni.

Òórùn bẹntiróò ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1965 ni wọ́n dìbò ilé aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn, tí ìlú kọ èsì rẹ̀ pé ojoro ni. Rògbòdìyàn láàárín ẹgbẹ́ òṣèlú Dẹ́mọ̀ àti Ọlọ́pẹ bẹ́ sílẹ̀. Àwọn tọ́ọ̀gì dí ọ̀nà, wọ́n ń da bẹntiróò sí ilé, sí mọ́tò, sí èèyàn láàyè, wọ́n ń ṣáná sí i. Wẹ́tíẹ̀ ni wọ́n ń pè é, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí ológun fi gbàjọba ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní 1966. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Bàbá, ojú ọ̀nà sì ni iṣẹ́ wọn. Nígbà tí mo rọra bi wọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n sọ fún mi pé ní itòsí Ìkirè ni wọ́n ti dá wọn dúró ní ìrọ̀lẹ́ kan, tí wọ́n ti da epo sí ẹnjìnnì kí ẹnìkan láàárín àwọn tọ́ọ̀gì náà tó dá ọ̀gá wọn mọ̀. N kò gbọ́ ìtàn yìí rí láyé mi. Ìyá náà kò sọ ọ́ fún wa, bóyá Bàbá kò sọ fún wọn.

Láti ọjọ́ yẹn, òwúrọ̀ ni a ń rọ epo, lẹ́yìn ilé, nígbà tí wọ́n bá wà ní balùwẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ kò di ọ̀sán o, ṣùgbọ́n ọwọ́ gbígbé sókè yẹn dáwọ́ dúró. Mo wá mọ̀ pé bí Bàbá bá sọ ohun tí kò bá ọjọ́ òní mu, kí n má ṣe bá wọn jiyàn ọdún. Kí n bi wọ́n pé ibo ni wọ́n wà, ta ló wà pẹ̀lú wọn, kí ló ń bọ̀ níwájú.

Ìbéèrè tó nira jù nínú rẹ̀ ni ti Ìyá. "Ìyá yín dà?" Bùọ̀dá máa ń dá wọn lóhùn ní òótọ́: "Bàbá, Màmá ti kú." Bàbá á sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, torí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ ni. Wákàtí kan lẹ́yìn náà wọ́n á tún béèrè, òkú á tún kú. Mo bẹ Bùọ̀dá kí wọ́n yéé ṣe é. Wọ́n ní, "Ṣé ẹni tó bí wa ni ká máa purọ́ fún?" N kò fojú kéré ọ̀rọ̀ wọn. Ọmọ tó bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kì í purọ́. Mo máa ń ní, "Wọn ò sí nílé, Bàbá. Níbo lẹ ti kọ́kọ́ rí wọn ná?" Ojú wọn á là. Gbọ̀ngán ni, níbi tí lọ́rì ti ń dúró, Ìyá ń ta ọsàn, wọ́n sì kọ̀ láti dín owó fún dírẹ́bà kankan. Bàbá ra ọsàn tí wọn ò jẹ títí gbogbo inú ọkọ̀ fi ń rùn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti rí ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́, láìròtẹ́lẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ni iṣẹ́ ọmọ ọkọ̀ gan-an. Wọ́n fìdí mọ́ àga, wọ́n ní lọ́rì tí kò ní ọmọ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kúrò ní gáréèjì. Ìdí ni pé bí ọkọ̀ bá kú lórí òkè lọ́nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, tó fẹ́ máa yí padà sẹ́yìn, ọmọ ọkọ̀ ló máa bẹ́ sílẹ̀ tó máa ti igi bọ ìdí táyà. Nígbà tí ìjọba sì yí ọ̀nà sí ọ̀tún ní 1972, àwọn lọ́rì kò yí sítíárì wọn. Ọ̀tún ni dírẹ́bà ṣì jókòó sí, nínú ọkọ̀ tó ń gba ọ̀tún títì. Bí ó bá fẹ́ kọjá ọkọ̀ mìíràn, kò rí ohun tó ń bọ̀ níwájú. Ọmọ ọkọ̀ ló máa yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, tó máa pariwo pé ọ̀nà mọ́ tàbí kò mọ́. Bàbá ní, "Ọmọ ọkọ̀ ni ojú mi. Ta ló ń fi ilé sílẹ̀ láì mú ojú dání?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n dé fìlà, wọ́n béèrè kọ́kọ́rọ́, wọ́n ní kòkó ń dúró dè wọ́n ní Ìpetu. Mo ní, "Bàbá, ọmọ ọkọ̀ kò tíì dé."

Wọ́n wo géètì. Wọ́n pòṣé. "Ọmọ yẹn! Oorun á pa á." Wọ́n sì jókòó. Mo gbé ẹ̀kọ àti àkàrà fún wọn, nígbà tí wọ́n jẹun tán, kò sí Ìpetu mọ́.

Kì í ṣe ìgbà gbogbo ló ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ mìíràn wọ́n á ní kí n wá ṣe ọmọ ọkọ̀ fún wọn, n kò sì lè kọ̀. Ìgbà náà ni mo máa ń wa mọ́tò gbé wọn jáde. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó sí gọ́tà, òsì ni wọ́n gbà wọ mọ́tò, ọwọ́ wọn ṣì mọ ọkọ̀ òde òní. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn ọ̀tún ni wọ́n ń lọ bá tààrà, nítorí pé níbẹ̀ ni sítíárì Bedford wà. Ibi tí èrò ń jókòó lónìí ni dírẹ́bà ń jókòó nígbà náà, nítorí náà wọ́n jókòó sí àyè wọn, ara wọn balẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ń tẹ ilẹ̀ mọ́tò ní gbogbo ibi tó yẹ kí n ti tẹ bíréèkì. A máa ń lọ títí dé Àṣejíré, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun fún omi ẹ̀rọ Ìbàdàn. Wọ́n á wo omi náà, wọ́n á ní òjò ọdún yìí pọ̀. Nígbà tí mo bá ń yí orí ọkọ̀ padà, wọ́n á máa pe ọ̀nà tó kù: Ìkirè, Àpòmù, Gbọ̀ngán, Ifẹ̀, Iléṣà, Ìpetu, Igbára-Òkè, Àkúrẹ́. Wọn kò fo ìlú kan rí. Ọkùnrin yìí kò mọ ọ̀nà balùwẹ̀ nínú ilé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́.

Bùọ̀dá kò fara mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní à ń ṣe Bàbá bí ọmọdé. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀, n kò sì tíì rí i bẹ́ẹ̀ títí di òní. Òfin tí a fi ń dá wọn dúró, òfin tiwọn ni, àwọn ni wọ́n kọ́ ọ ní gáréèjì, àwọn ni wọ́n sì fi lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí a sọ fún wọn pé wọ́n ti darúgbó, ìtìjú la kó bá wọn. Nígbà tí a sọ pé ọmọ ọkọ̀ kò tíì dé, ọ̀gá dírẹ́bà la pè wọ́n.

A ti ta mọ́tò náà báyìí. Owó rẹ̀ la fi ń san ìdá kan nínú owó obìnrin tó ń dúró tì wọ́n lọ́sàn-án nígbà tí mo bá wà níbi iṣẹ́. Wọn kò béèrè mọ́tò. Àwọn ohùn tí mo gbà sílẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń kọ wọ́n sí ìwé, ó sì ń kọ orúkọ àwọn tí Bàbá dárúkọ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí a lè bi àwọn àgbà ẹbí tó kù pé ta ni wọ́n. Àwọn àgbà náà kò pọ̀ mọ́, nítorí náà à ń yára.

Àìsàn ń lọ síwájú, ìrántí sì ń lọ sẹ́yìn. Ní oṣù tó kọjá mo tún sọ fún wọn pé ọmọ ọkọ̀ kò tíì dé. Wọ́n wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi kò yé, wọ́n ní, "Èmi mà ni ọmọ ọkọ̀." Wọ́n ti kúrò ní 1963. Wọ́n ti padà sí ìgbà tí wọn kò tíì ní láìsẹ́ǹsì, tí wọ́n ń dúró de ọ̀gá wọn lẹ́nu géètì ní kùtùkùtù, tí wọn ò fẹ́ jẹun kí ọ̀gá má baà fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Oúnjẹ àárọ̀ di ìjà. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi.

Bùọ̀dá ló wà nílé lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Wọ́n gba àwo ẹ̀kọ lọ́wọ́ mi, wọ́n lọ bá Bàbá níbi géètì, wọ́n ní, "Ọ̀gá yín ní kí ẹ jẹun dáadáa kí ẹ tó di ẹrù, ọ̀nà Àkúrẹ́ jìn." Bàbá ní, "Ṣé òun ló rán ẹ?" Bùọ̀dá ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n sì jẹ ẹ́ tán.